Kí ni ọmọ yunifásítì ń ṣe lórí fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan. Òkè-Baálẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé jáde tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó jókòó, ó tú gèlè rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo wà láàárín wọn. Àbúrò rẹ tó wà ní yunifásítì, tí mo bá pè é, á ní òun wà ní kíláàsì. Tó bá délé, orí fóònù ló wà. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ní kíláàsì náà ni. Ṣé kíláàsì ti wá wọ inú fóònù ni?"

Mo ní, "Ó ti wọ̀ ọ́ o, Màmá." Ó wò mí bíi pé èmi àti ọmọ rẹ̀ ti jọ gbìmọ̀ pọ̀.

Kì í ṣe òun nìkan. Òṣogbo ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́: UNIOSUN, yunifásítì tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá sílẹ̀ ní 2006, wà níbí, Fountain University náà dé ní 2007, àwọn ilé ìwé mìíràn sì wà káàkiri. Ẹni tí kò bá bí akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ fóònù yìí kan náà ni gbogbo wọn sì ń rò fún mi. Bí mo ṣe rí i, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń wo akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè, ìjókòó kan ṣoṣo ló ń rí: orí tó tẹ̀ ba, àtàǹpàkò tó ń sáré. Bó ń kàwé ni, bó ń tajà ni, bó ń bá ọ̀rẹ́ jà ni, ìjókòó kan náà ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀, ká lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń retí níbẹ̀.

Kí là ń pè ní ojú òpó ìbáraẹnisọ̀rọ̀?

Rédíò ń sọ̀rọ̀, àwa ń gbọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn, àwa ń wò. Ojú òpó ìbáraẹnisọ̀rọ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní social media, yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹni tó ń gbọ́ náà lè fèsì. Èèyàn á ṣí àkáǹtì ní orúkọ rẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ tàbí kó fi àwòrán tàbí fídíò síbẹ̀, àwọn ẹlòmíràn á rí i, wọ́n á sì dá sí i. WhatsApp, Facebook, Instagram, X, TikTok àti Telegram ni àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Inú fóònù kan ni gbogbo wọn wà, àmọ́ wọn kì í ṣe ibì kan náà. Ẹ wo Òṣogbo tiwa. Bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Ọjà Ọba, tó ń nájà tó ń pariwo, kò jẹ́ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàfin Àtàọ́ja. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ láàfin, kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ṣe pín ojú òpó wọ̀nyí.

Ilé ni WhatsApp. Ibẹ̀ ni ẹbí, ọ̀rẹ́, ìjọ àti kíláàsì wà. Àpótí ìwé ni Telegram: gúrúùpù kan níbẹ̀ lè gba èèyàn 200,000, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lónìí lè rí ìwé tí wọ́n ti kó síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ fi kún ibẹ̀. TikTok àti Instagram ni ibi ìgbafẹ́, ibi ijó, ibi ẹ̀rín àti ibi ìpolówó ọjà.

X, tó ń jẹ́ Twitter títí di 2023, ni ìta gbangba tí wọ́n ti ń jiyàn tí wọ́n sì ti ń fẹjọ́ sun. Bí iná bá lọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì fún ọ̀sẹ̀ kan, tí èsì ìdánwò bá há síbì kan, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá tí kì í dá lẹ́tà lóhùn a máa dá ariwo lóhùn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní oṣù kẹfà 2021, tí wọn kò ṣí i títí di oṣù kìíní 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. VPN ni wọ́n ń pe ẹ̀yìnkùlé náà: ó máa ń jẹ́ kó dà bíi pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni fóònù wọn wà.

Facebook ńkọ́? Èyí tó máa ya ọ̀pọ̀ òbí lẹ́nu ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ló dá a sílẹ̀. Ní 2004, ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Mark Zuckerberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé lọ́gbà ilé ìwé. Nígbà náà, ẹni tí kì í bá ṣe ará Harvard kò lè wọlé. Nígbà tó di 2006 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. Lónìí, ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti àwọn àgbà ìjọ ló kún ibẹ̀, àwọn ọmọ sì ti rọra kó ẹrù wọn jáde.

Ṣé lóòótọ́ ni kíláàsì wà lórí WhatsApp?

Lóòótọ́ ni. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n ti ilé ìwé pa, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àti ohùn wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ilé ìwé ṣí padà, àṣà náà kò lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní aṣojú tí wọ́n ń pè ní course rep. Òun ni olùkọ́ máa ń pè. Olùkọ́ á sọ fún un pé kíláàsì agogo mẹ́jọ ti yẹ̀, tàbí pé gbọ̀ngàn ti yí padà, tàbí pé iṣẹ́ àṣetiléwá gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀. Course rep á kọ ọ́ sínú gúrúùpù, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri mọ́. Ọmọ tí kò bá sí nínú gúrúùpù náà, tàbí tí dátà rẹ̀ bá ti tán, á ná owó ọkọ̀ láti Ọláìyá, á dé gbọ̀ngàn, á bá àga òfìfo.

Ọmọbìnrin kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, agogo méje ààbọ̀. Ó fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi láti tẹ̀ jáde. Bí mo ṣe ń gbé ìwé sínú ẹ̀rọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣí gúrúùpù kíláàsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ 147 ló wà níbẹ̀ tí kò tíì kà. Mo ń wo àtàǹpàkò rẹ̀ bó ṣe ń fà á kọjá: àdúrà àárọ̀, ẹ kú ọjọ́ ìbí, àwòrán ẹ̀rín, àdúrà mìíràn, ẹni tó ń ta bàtà, ẹ kú ọjọ́ ìbí. Láàárín ìyẹn ni course rep kọ ìlà kan ṣoṣo sí, ní agogo mọ́kànlá alẹ́ àná: ìdánwò ọjọ́bọ̀ ti di ọ̀la, agogo mẹ́wàá. Ọmọ náà pariwo, ó gbá orí mú. Ìwé tó wá tẹ̀, kò rántí gbé e lọ.

Ẹni tó bá rí i nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tó ń wo fóònù ṣáá, á ti bá a wí. Mo sì fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀nba tó wò ó gan-an kò tó fún un.

Àwọn kíláàsì tó gbọ́n ti wá ń ṣe gúrúùpù méjì. Ọ̀kan wà fún ìkéde nìkan: WhatsApp gbà kí ẹni tó ni gúrúùpù ṣe é débi pé òun nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀. Èkejì wà fún eré, àdúrà àti ìpolówó. Bí ọmọ yín bá jẹ́ course rep, ẹ bá mi sọ èyí fún un.

Kí ló dé tí wọn kì í sùn lóru?

Ọ̀rọ̀ dátà ni. Dátà ni owó ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀, àwòrán àti fídíò ń san kí wọ́n tó dé inú fóònù. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kò wúwo, ó dà bíi lẹ́tà tí èèyàn fi sápò. Àwòrán dà bí ẹni tó gbé àpò lọ́wọ́. Fídíò ni ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì wọkọ̀, owó tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀.

Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ fóònù gbà kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ọmọ tí òbí ń fún ní owó oúnjẹ kò rí àlékún, dátà lé. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí náà sì ń ta dátà òru ní ẹ̀dínwó, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti sùn. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ bá bá lójúfò ní agogo kan òru lè máa fa fídíò ẹ̀kọ́ sínú fóònù rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ó sì lè máa wo ijó o. Àmọ́ òru nìkan kọ́ ni ẹ̀rí.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùkọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Dátà kan wà tó jẹ́ pé WhatsApp àti irú rẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Òun ló rọjú, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń rà. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n lọ ka ìwé lórí ìkànnì ilé ìwé, dátà yẹn kò lè gbé wọn débẹ̀. Ìdí rèé tí wọ́n fi máa ń bẹ̀ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi síbí." Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Olùkọ́ tó bá fi ìwé náà ránṣẹ́ tààrà sínú gúrúùpù ti ràn wọ́n lọ́wọ́ ju bó ṣe rò lọ.

Kí ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ olùkọ́?

Èsì ni. Láti lóye èyí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tíìkì. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tíìkì kan túmọ̀ sí pé ó ti kúrò lọ́wọ́ yín, kò tíì dé fóònù ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Bóyá ó pa fóònù, bóyá kò ní dátà, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Tíìkì méjì aláwọ̀ eérú túmọ̀ sí pé ó ti dé. Tó bá di búlúù, ó ti ṣí i. Èèyàn lè pa búlúù náà kó má hàn, àmọ́ òun náà kò ní rí ti ẹlòmíràn mọ́.

Búlúù yìí ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé olùkọ́ ti ka ọ̀rọ̀ òun, ọjọ́ méjì kọjá, kò sí èsì. Ó gbà pé olùkọ́ kórìíra òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ. Nílé wa, bí ọmọ bá fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á kí i, á dúró kí àgbà dáhùn, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tó bá wá. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ọmọ gbé e lọ sórí WhatsApp bó ṣe rí. Ó kọ "Good evening sir," ó dákẹ́, ó ń retí kí wọ́n ní "Kí ló dé?" Olùkọ́ tó ń kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ rí ogójì "Good evening sir" láti nọ́ńbà tí kò mọ̀. Kò mọ ẹni tó kí òun, kò mọ ohun tó fẹ́, ó fi fóònù sílẹ̀.

Lójú ara ẹni, ojú wà níbẹ̀, ìkúnlẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Lórí fóònù, kò sí ojú. Ìkíni àti ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jọ wọlé pọ̀. Mo ti bá àwọn ọmọ kan kọ irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi: "Ẹ káalẹ́ sà. Orúkọ mi nìyí, nọ́ńbà máátíríìkì mi nìyí, ipele kejì ni mo wà. Máàkì mi kò sí nínú èyí tí ẹ fi síta lánàá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni mo lè wá rí yín ní ọ́fíìsì?" Èyí kò dín ọ̀wọ̀ kù. Ó tún jẹ́ kó rọrùn fún àgbà láti dáhùn.

Èmi ò ní gbè sẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí kí olùkọ́ dáhùn ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Olùkọ́ náà nílé, ó láya tàbí ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kéde ìdánwò lóru pé kó di àárọ̀ ọjọ́ kejì ti pàdánù ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n má pe òun lóru.

Lọ́dọ̀ òbí ńkọ́?

Wọ́n ń fẹ́ ààyè díẹ̀. Ọmọbìnrin kan fi fọ́tò sí Facebook, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ funfun ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ kọ sábẹ̀ pé, "Àdùkẹ́ mi, ṣé o ti lo oògùn inú rírun yẹn?" Ìfẹ́ ni. Àmọ́ ìta gbangba ló ti sọ ọ́, níwájú gbogbo kíláàsì. Inú WhatsApp ni ọ̀rọ̀ yẹn yẹ kó wà.

WhatsApp gba ọmọ láàyè láti yan ẹni tí yóò rí status rẹ̀, ìyẹn àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ tó máa ń pa rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Ọ̀pọ̀ ti yọ òbí kúrò. Tí ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ má ṣe tètè bínú. Nígbà tí àwa náà wà lọ́mọdé, tí àgbà bá dé, ṣebí a máa ń yí ìtàn padà?

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Ìrètí tó ga jù lọ nìyí. Owó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í sábà wá láti ibi tí wọ́n rò.

Ọ̀nà kìíní ni ọjà títà. Ọmọ tó ń ta lọ́fíńdà, òkìríkà, irun tàbí oúnjẹ á gbé e sórí status. Kí ẹnì kan tó lè rí status rẹ, ìwọ àti òun gbọ́dọ̀ ti tọ́jú nọ́ńbà ara yín. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sefù nọ́ńbà mi." Nọ́ńbà ni oníbàárà. Látinú ìyẹn ni WhatsApp TV ti jáde. Kò ní ilé iṣẹ́, kò ní kámẹ́rà. Ọ̀dọ́ kan ni tó ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà jọ, tó ń fi ẹ̀rín àti ìròyìn sórí status rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn tó ní ọjà á sanwó fún un kó bá wọn gbé ọjà wọn síbẹ̀. Akéde ọjà ayé òde òní ni.

Ọ̀nà kejì ni kí ojú òpó fúnra rẹ̀ sanwó. YouTube, fún àpẹẹrẹ, tó bá jẹ́ fídíò gígùn lò ń ṣe, kò ní pín owó ìpolówó fún ẹ títí èèyàn 1,000 yóò fi máa tẹ̀ lé ẹ, tí wọ́n á sì ti wo fídíò rẹ fún wákàtí 4,000 láàárín ọdún kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí fídíò rẹ bá gùn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó tán nígbà 24,000. Fún ọmọ tó ń ya fídíò láàárín ìwé kíkà àti iná tó ń lọ, iṣẹ́ ńlá ni.

Ta ló ń pinnu ẹni tí fídíò rẹ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ẹ̀rọ ni. Ẹ rò ó bí aláṣọ tó mọ ọjà tà. Ẹ dúró díẹ̀ níwájú léèsì aláwọ̀ búlúù, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa búlúù mìíràn jáde. TikTok ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fi wo nǹkan, ó sì ń kó irú rẹ̀ wá. Ẹni tó bá wo ìjà á rí ìjà. Ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìmọ̀ ìṣirò á rí olùkọ́ mìíràn.

Ohun tí wọ́n ń retí tí kò sí níbẹ̀

Àṣírí ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí.

WhatsApp sọ pé òun ń ti ọ̀rọ̀ pa láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Òótọ́ ni. Ó dà bíi lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ pa: ẹni tí wọ́n fi rán kò lè tú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á lè tú u kó sì kà á sókè lójú ọjà. Ọ̀pọ̀ ọmọ gbọ́ apá kìíní, wọn kò ro apá kejì. Bí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ "fún gbogbo èèyàn," ó lè pa rẹ́ nínú fóònù wọn, àmọ́ ẹni tó ti ya àwòrán rẹ̀ ti yà á.

Mo ti tẹ irú rẹ̀ jáde rí. Ojú ìwé mẹ́rin, aláwọ̀ mèremère. Ọmọkùnrin kan ló bú ọmọ kíláàsì rẹ̀ nínú gúrúùpù èèyàn márùn-ún, àwọn tó pè ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ọ̀kan nínú wọn ló ya àwòrán rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n bú ló mú un wá fún mi, ó fẹ́ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń ka owó. Bí ìwé ṣe ń jáde nínú ẹ̀rọ, mo ka ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́dọ̀ kà. Orúkọ ọmọkùnrin náà wà lókè, àwòrán ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agogo tó kọ ọ́ wà nísàlẹ̀. Kò sí ohun tó máa sọ pé òun kọ́.

Ohun kejì ni kóòdù. Bí ẹnì kan bá fi nọ́ńbà yín ṣí WhatsApp lórí fóònù mìíràn, WhatsApp á fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí laini yín. Kọ́kọ́rọ́ ilé yín nìyẹn. Olè á pè, á ní course rep tuntun ni òun, òun fẹ́ fi yín sínú gúrúùpù, kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. Ẹni tó bá kà á, ilé rẹ̀ ti bọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olè ti ń fi orúkọ rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí. Nínú WhatsApp, lábẹ́ ètò àkáǹtì, ààyè wà láti fi PIN tiyín kún un. Ó gba ìṣẹ́jú méjì. Mo máa ń ṣe é fún ẹni tó bá ní kí n bá òun ṣe é, mi ò gba kọ́bọ̀.

Màmá aládìrẹ jókòó títí mo fi sọ gbogbo èyí. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí n fi tíìkì hàn òun. Ó ti kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀, kò fèsì, ó sì ti ń múra láti bá a jà tó bá délé. A jọ wò ó. Tíìkì kan ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kò tilẹ̀ tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó sọ́wọ́ mi, ó ní kí n bá òun ra dátà sórí nọ́ńbà ọmọ náà, kó jẹ́ èyí tó lè ṣí gbogbo nǹkan.